Ìlù àti Ìwé Mímọ́: Àtúngbéyẹ̀wò Ọ̀ràn Dúró Ládiípọ̀

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Dúró Ládiípọ̀, ọmọ katikísì ìjọ Áńgílíkà, ṣe àkójọ orin Àjíǹde kan fún ṣọ́ọ̀ṣì All Saints ní Òṣogbo, ó sì mú dùndún wọ ilé ìsìn láti bá orin náà rìn. Ìlù yìí dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Lójú àwọn tí kò fẹ́ ẹ, ohun èlò tí a mọ̀ mọ́ ìbọ òrìṣà kò gbọdọ̀ dún níbi tí a ti ń ka Ìwé Mímọ́. Ládiípọ̀ bá gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ síbòmíràn. Ní oṣù March 1962, wọ́n ṣí Mbárí Mbáyọ̀ ní Òṣogbo. Ní 1963, ó gbé eré Ọba Kò So jáde, tòun ti bàtá àti oríkì Ṣàngó. Ní 1964, eré náà dé Berlin.

Bí a ti sábà máa ń sọ ìtàn yìí nìyí: ìjọ ṣe àṣìṣe, orí ìtàgé sì jèrè. Ìtàn náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò pé. Ó fi ìbéèrè kan sílẹ̀ láìdáhùn, ìbéèrè náà kò sì tíì kú títí di òní: báwo ni onígbàgbọ́ yóò ṣe máa jó sí ìlù tí ń mi ilẹ̀ tìtì, tí yóò sì tún ní etí tí ó lè fi gbọ́ ọ̀rọ̀ Ìwé Mímọ́?

Bí a bá ní kí Bíbélì fúnra rẹ̀ dá ẹjọ́ náà, ẹjọ́ kò ní í tán ní ìjókòó kan. Orin Dáfídì 150 pe ìlù, ijó àti aro wá síbi ìyìn. Sámúẹ́lì Kejì orí 6 sì fi Dáfídì hàn bí ó ti ń fi gbogbo agbára rẹ̀ jó níwájú àpótí ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ní Ámósì orí 5, Ọlọ́run kọ ariwo orin àwọn tí ó pa òdodo tì. Ní Àwọn Ọba Kìíní orí 19, ẹ̀fúùfù, ìsẹ̀lẹ̀ àti iná ni ó kọ́kọ́ kọjá níwájú Èlíjà kí ohùn kékeré tó dún. Ẹni tí ó bá mú apá kan tí ó fi èkejì sílẹ̀ kò ka ìwé náà. Ohun tí ó wù ú ni ó ń ṣà jẹ nínú rẹ̀. Apá méjèèjì fohùn ṣọ̀kan lórí ohun kan: kì í ṣe bí ohùn ti le tó ni a fi ń wọn ìsìn, bí kò ṣe ohun tí ohùn náà gbé wá.

Àwọn tí ó lé dùndún jáde gbà pé dùùrù kò ní ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn. Ó ní. T. K. E. Phillips, ẹni tí ó tẹ dùùrù ní Kàtídírà Kristi ní Èkó láti 1914 títí dé 1962, fi hàn nínú ìwé rẹ̀, Yoruba Music, tí ó jáde ní 1953, pé orin Yorùbá ní láti tẹ̀lé ìró ohùn ọ̀rọ̀. Ohùn orin òyìnbó tí a ki ọ̀rọ̀ Yorùbá bọ̀ kò ka èyí sí. Ìjọ lè máa kọrin ọkọ̀ Nóà, kí etí sì máa gbọ́ ọkọ́ Nóà, bí ẹni pé oko ni baba náà ń lọ nígbà tí ìkún omi dé. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, tí ó kọ orin ìsìn Yorùbá sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ní London ní 1922, fi ṣe pàtàkì. Ohùn jẹ́jẹ́ pàápàá lè ba Ìwé Mímọ́ jẹ́.

Dùndún, ní tirẹ̀, kì í ṣi ohùn pè. Ibòmíràn ni ewu tirẹ̀ wà. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni ó ń sọ. Kò ní kọ́ńsónáǹtì, kò ní fáwẹ̀lì. Ọlọ́run, Olúwa, olóko, oníṣu: bákan náà ni gbogbo wọn rí lórí awọ. Ta ni yóò wá mọ èyí tí onílù ń pè? Ẹni tí ó ti mọ ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀ ni. Ìlù kì í kọ́ni ní ọ̀rọ̀ tuntun. Ìránnilétí ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí Ìwé Mímọ́ kún inú rẹ̀ yóò gbọ́ Ìwé Mímọ́. Ẹni tí oríkì Ṣàngó kún inú rẹ̀ yóò gbọ́ Ṣàngó.

Nítorí náà, ìbẹ̀rù àwọn ará Òṣogbo kì í ṣe ti òmùgọ̀. Ìlú Ọ̀ṣun ni wọ́n ń gbé, wọ́n sì mọ ohun tí ìlù lè rán ọ̀pọ̀ létí. Oògùn tí wọ́n lò ni kò bá àrùn mu. Ọ̀rọ̀ ni ó yẹ kí wọ́n gbìn sínú ọmọ ìjọ, kí ìlù lè rí ohun tí yóò rán wọn létí. Wọ́n lé ìlù jáde, ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lò jù nínú wọn sì bá a lọ.

Ọ̀ràn yìí tún wúwo sí i níbi tí Yorùbá gan-an kì í ti í ṣe èdè àkọ́kọ́ tí ọmọ ń gbọ́. Ní Ikaram-Àkókó àti ní àwọn ìlú tí ó múlé gbè é bí Ibaram àti Gedegede, Abesabesi, tí àwọn onímọ̀ kan ń pè ní Akpes, ni èdè ìbílẹ̀. Yorùbá ni èdè Bíbélì, èyí tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884. Kí ọmọ Ikaram tí Abesabesi jẹ́ èdè àkọ́kọ́ rẹ̀ tó mọ ohun tí dùndún ń wí, ó ní láti kọ́kọ́ la èdè mìíràn kọjá. Bí kò bá ka ìwé, ìró nìkan ni yóò kù fún un: ara rẹ̀ yóò jó, ọkàn rẹ̀ kò sì ní í mọ ohun tí ó ń jó sí.

Ohun tí ó lè ṣe ọmọ Ikaram nídìí dùndún lè ṣe ẹnikẹ́ni níwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, níbi tí ariwo bá ti bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1980, Stryper, ẹgbẹ́ onígbàgbọ́ tí orin wọn le kooko, a máa ju Májẹ̀mú Titun sáàárín àwọn èrò ìwòran. Àwọn oníwàásù kan bẹnu àtẹ́ lù wọ́n. Síbẹ̀, àṣà náà jẹ́wọ́ òtítọ́ kan: orin líle nìkan kò tó, ó yẹ kí èrò ní ìwé tí yóò mú lọ sílé, níbi tí ariwo kò sí.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìlù tí ó bá dún àdúnjù, yíya ní í ya. Nínú ìsìn, kí awọ tó ya ni ọ̀rọ̀ ti ń sọ nù. Ìjọ tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìlù rẹ̀ ti dún jù, kí ó bi ọmọ ìjọ léèrè ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé pé: kí ni ìlù wí lánàá? Bí ó bá rí i sọ, kí ìlù máa dún lọ, bí ó ti wù kí ó le tó. Bí kò bá rí i sọ, kí wọ́n gbé ọ̀pá ìlù sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n sì ṣí ìwé.