Wọ̀rọ̀wọ́, Ẹ̀fọ́ Abẹ́ Igi Kòkó

Wọ̀rọ̀wọ́, èyí tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Solanecio biafrae, jẹ́ ẹ̀fọ́ onítàkùn tí ń fà nílẹ̀ tí ó sì ń gun igi. Ewé rẹ̀ nípọn, ó kún fún omi, abẹ́ ibòòji sì ni ó ti ń ṣe dáadáa jù. Ní Ìpógun àti àwọn ìlú mìíràn ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́, títí dé Àkúrẹ́ àti ìlú Oǹdó, níbi tí kòkó ti jẹ́ ohun ọ̀gbìn pàtàkì, ẹni tí ó ń wá wọ̀rọ̀wọ́ kì í wò ó lórí ebè, bí kò ṣe nínú oko kòkó tí ó ti dàgbà, tí ewé rẹ̀ kò jẹ́ kí oòrùn ráyè kanlẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè má gbìn ín síbẹ̀, ṣùgbọ́n oko náà ní olóko, àṣẹ ni wọ́n sì ń gbà kí wọ́n tó wọlé.

Ọgbọ́n tí ó wà nínú jíjá rẹ̀ ju bí àwọn tí ń rà á lọ́jà ti rò lọ. Ọ̀mùnú, ìyẹn orí ìtàkùn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, pẹ̀lú ewé díẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, ni ọwọ́ tí ó mọṣẹ́ ń já; ó ń fi oríkèé, níbi tí ewé ti so mọ́ ìtàkùn, sílẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ̀ka tuntun yóò ti rú. Ẹni tí ó bá fà á tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò ti jẹ ti ọ̀la mọ́ ti òní, pàápàá nítorí pé irúgbìn wọ̀rọ̀wọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ hù, ìtàkùn tí a gé tí a sì rì mọ́ ilẹ̀ tútù ni ó ń mú un pọ̀ sí i. Ojú pẹ̀lú gbọ́dọ̀ ríran dáadáa, torí yèrèpè, tí irun èso rẹ̀ ń mú ara yún ènìyàn, lè lọ́ mọ́ igi kan náà.

Yèrèpè yìí ní ìbátan kan ní ìlà-oòrùn Éṣíà tí wọ́n ń pè ní kudzu. Ní Jàpáànù, wọ́n ń gún gbòǹgbò rẹ̀, wọ́n ń fi omi sẹ́ ẹ léraléra títí ìyẹ̀fun funfun yóò fi sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe sítáàṣì ẹ̀gẹ́. Ibi ìpàtẹ ńlá ti Philadelphia ní ọdún 1876 ni ó gbà wọ Amẹ́ríkà. Láàárín ọdún 1930 sí 1940, ìjọba ibẹ̀ rọ àwọn àgbẹ̀ láti gbìn ín kí ọ̀gbàrá má baà wọ́ ilẹ̀ lọ, ó sì wá di ìtàkùn tí ń bo igi mọ́lẹ̀ pa. Àwọn kan níbẹ̀ ń já ọ̀mùnú rẹ̀ sè. Wọ̀rọ̀wọ́ kò le tó bẹ́ẹ̀; òun àti kòkó jọ ń gbé láìpa ara wọn lára.

Àwọn ẹ̀fọ́ ìgbẹ́ mìíràn wà: yánrin tí ó korò, àti ẹbọ̀lọ̀ tí ń hù lórí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣán tí wọ́n sì jó. Àwọn onímọ̀ ti rí jacobine, èròjà tí ó lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, lára ẹbọ̀lọ̀, nítorí náà kò yẹ ní àjẹtúnjẹ.

Nínú ìkòkò, omi inú wọ̀rọ̀wọ́ ni ìṣòro rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ṣà á, tí wọ́n fọ iyanrìn kúrò lára rẹ̀, wọ́n á bọ̀ ọ́ fẹ́rẹ́ nínú omi gbígbóná, wọ́n á sì fún un dáadáa. Ẹni tí ó bá fo èyí yóò rí i pé ọbẹ̀ ń ṣomi. Ata, àlùbọ́sà, irú, epo pupa àti ẹja gbígbẹ ni wọ́n á kọ́kọ́ dín pọ̀, ègúsí á tẹ̀ lé e, ìgbà tí ó bá dì ni ẹ̀fọ́ á tó wọlé, kò sì gbọdọ̀ pẹ́ lórí iná kí ó má baà rọ̀ jù. Ẹ̀fọ́ rírò nìyí, iyán sì ni ó tọ́ sí i jù. Fífi ẹ̀bà jẹ ẹ́ kò burú, ṣùgbọ́n kò dé ibẹ̀.

Oògùn apakoríko ni ọ̀tá wọ̀rọ̀wọ́ báyìí, torí kò mọ èpò yàtọ̀ sí ẹ̀fọ́, ewé tí ó bá sì kàn kì í ṣe jíjẹ mọ́. Kí àwọn olóko kòkó jọ̀wọ́ máa fi àdá ro ibi tí wọ̀rọ̀wọ́ bá wà, kí wọ́n sì sọ fún àwọn tí ń já ẹ̀fọ́ ibi tí wọ́n ti fín oògùn sí.