Ọ̀yọ́ inú Sinimá

Nínú gbogbo sinimá Yorùbá tí mo ti wò, Aníkúlápó, tí Kúnlé Afọláyan gbé jáde ní ọdún 2022, ni mo fẹ́ràn jù. Saro tí ń hun aṣọ-òfì wọ Ọ̀yọ́, ìfẹ́ Arólákẹ́ aya ọba kó bá a, wọ́n pa á, ẹyẹ àkàlà sì jí i dìde. Arólákẹ́ ni ó mú kí àdó ẹyẹ náà bọ́ sí wọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n Saro ni ìlú ń kí ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá! Bímbọ́ Adémóyè fi ojú lásán sọ ìrora yìí fún wa.

Ọ̀rọ̀ ìlú inú rẹ̀ gan-an ni mo ní í sọ. Abúlé tí Afọláyan kọ́ sí Igbójàyè, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ni wọ́n ti ya á, àwọn ènìyàn sì ń lọ gbafẹ́ níbẹ̀. Èmi kò bá wọn jà. Ó dára kí ọmọ ìgboro fi ọwọ́ kan ògiri amọ̀. Ohun tí ń kọ mí lóminú ni pé ẹni tí ó bá ti ibẹ̀ dé lè máa wí pé òun ti rí Ọ̀yọ́ àtijọ́. Ó tì o. Ọ̀yọ́-Ilé tòótọ́, tí àwọn baba wa fi sílẹ̀ láàárín ọdún 1830 sí 1840, ń bẹ nínú igbó tí ìjọba ń ṣọ́, Old Oyo National Park. Àlàpà odi ni ó kù níbẹ̀. Kò dùn-ún wò bíi ti sinimá.

Bí ẹgbẹ́ wa bá fẹ́ rìnrìn-àjò, mo ní kí mọ́tò kọ́kọ́ gbé wa dé ibẹ̀, kí a tó yà sí Igbójàyè.