Ìwà Lẹwà: Ìgbéléwọ̀n Ìrísí Ẹ̀rọ Amóhùnmáwòrán láti 1939 sí 1970

1. Ìfáárà

"Ìwà lẹwà" ni àwọn Yorùbá wí. Àwọn lámèyítọ́ ti fi òṣùwọ̀n yìí wọn ère, aṣọ àti ewì, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n tó fi wọn ohun tí ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ṣe jáde. Ohun tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé òṣùwọ̀n náà bá irú ohun bẹ́ẹ̀ mu pẹ̀lú, àti pé òun gan-an ni ó lè yanjú ìbéèrè kan tí ó ti pẹ́ láàrin àwọn tí ń kó ẹ̀rọ àtijọ́ jọ: nínú gbogbo ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán tí wọ́n ṣe kí àwọn olójú pẹlẹbẹ tó dé, èwo ni ó lẹ́wà jù?

Ìyanu ni ìdáhùn tí ó wọ́pọ̀ máa ń tẹ̀lé. Èyí tí ó jọ àṣíborí, tàbí èyí tí ó jọ ìgbòkun ọkọ̀ ojú omi, ni wọ́n máa ń gbé síwájú. Àbùkù ọ̀nà yìí ni pé àpótí ni ó ń wò, kò wo ohun tí àpótí náà ń ṣe. Orúkọ tí èdè Yorùbá fún ẹ̀rọ náà kò ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ara "mú ohùn, mú àwòrán" ni wọ́n ti ṣẹ̀dá "amóhùnmáwòrán". Ìṣe ẹ̀rọ náà ni orúkọ yìí ń sọ, kò sọ nǹkan kan nípa igi, ike tàbí gíláàsì ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ẹwà ẹ̀rọ yìí ní láti kọ́kọ́ béèrè iṣẹ́ tí ó ń ṣe àti ìnira tí ó bá a wáyé.

2. Ọrùn tí ó gùn

Inú ìgò àwòrán, èyí tí àwọn atúnrédíòṣe ń pè ní túùbù, ni ìnira náà wà. Ìgò yìí fẹ̀ níwájú, ó sì ní ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́yìn. Láti inú ọrùn náà ni ìtànṣán ti ń jáde wá kọlu ojú gíláàsì tí wọ́n fi èròjà tí í tàn kùn nínú. Bí ìtànṣán náà bá ti lè yà sí ẹ̀gbẹ́ tó ni ọrùn ìgò ṣe lè kúrú tó. Ọ̀pọ̀ nínú ìtàn ìrísí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ni ó jẹ́ ìtàn bí àwọn oníṣẹ́-ọnà ti ń bá ọrùn yìí wọ̀jà.

Níbi ìpàtẹ àgbáyé tí ó wáyé ní New York ní 1939, ilé-iṣẹ́ RCA fi TRK-12 hàn, èyí tí John Vassos ṣe ọnà rẹ̀. Ọrùn ìgò rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé òòró ni wọ́n gbé e dúró sí nínú àpótí igi. Inú dígí tí ó wà lábẹ́ ìdérí àpótí náà ni àwọn ènìyàn ti ń wo àwòrán. Wọ́n tún ṣe ọ̀kan tí ara rẹ̀ mọ́ gaara fún ìpàtẹ náà, tí gbogbo ohun inú rẹ̀ hàn sí ìta. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè pàtàkì ti wà nílẹ̀: ṣé kí ẹ̀rọ bo ara rẹ̀ ni, àbí kí ó fi ara rẹ̀ hàn?

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, bíbò ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ yàn. Wọ́n fi igi bò ó, àwọn mìíràn ṣe ilẹ̀kùn sí i, kí ó lè jọ kọ́bọ́ọ̀dù láàrin àwọn àga yàrá.

3. Predicta

Ní 1958 ni ilé-iṣẹ́ Philco ti ìlú Philadelphia gbé Predicta jáde. Ìgò ọlọ́rùn kúkúrú ni wọ́n lò, èyí ni ó jẹ́ kí wọ́n lè yọ ojú àwòrán kúrò nínú àpótí kí wọ́n sì gbé e lé e lórí, níbi tí ó ti ń yí sọ́tùn-ún yí sósì bí orí ènìyàn. Irú kan tún wà, Tandem, tí ojú rẹ̀ dá dúró pátápátá, tí ó jẹ́ pé wáyà gígùn ni ó so ó mọ́ ara. Kò sí àní-àní pé ohun ìyanu ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò ṣe é gbára lé; ó tètè ń bàjẹ́, àwòrán aláwọ̀ dúdú àti funfun nìkan ni ó sì ń mú wá. Wọ́n kò ṣe é mọ́ lẹ́yìn 1960, ilé-iṣẹ́ Ford sì ra Philco ní 1961. Predicta nìkan kọ́ ni ó fa ìṣubú yẹn, ṣùgbọ́n ẹwà ojú rẹ̀ kò gba ẹnikẹ́ni là. Ẹni tí ó bá pè é ní arẹwà láìfi èyí kún un, ìdajì ọ̀rọ̀ ni ó sọ.

4. Algol àti Videosphere

Ohun tí ó ṣí ọ̀nà mìíràn sílẹ̀ ni tiransísítọ̀. Àwọn fáàfù onígíláàsì tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ máa ń gbóná, wọ́n sì ń fẹ́ àyè. Tiransísítọ̀ kéré, ooru rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ní 1960, Sony ní ilẹ̀ Jàpáànì fi í ṣe TV8-301, ẹ̀rọ gbígbé kékeré tí ojú rẹ̀ jẹ́ íǹsì 8. Ní ìlú Mílàn ní ilẹ̀ Ítálì, Marco Zanuso, tí ó jẹ́ ayàwòrán-ilé, àti Richard Sapper, ọmọ ìlú Munich ní Jámánì, lò ó fún ilé-iṣẹ́ Brionvega. Doney ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe, èyí tí ó gba ẹ̀bùn Compasso d'Oro ní 1962. Algol tẹ̀lé e ní 1964.

Ojú íǹsì 11 ni Algol ní. Ike ni ara rẹ̀, àwọn igun rẹ̀ kò mú, ó sì fún mọ́ ìgò inú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí àyè òfìfo púpọ̀ nínú rẹ̀. Ìdìmú irin kan wà lórí rẹ̀ fún gbígbé. Ṣùgbọ́n ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ ni pé ó gbé ojú sókè díẹ̀. Ẹ̀rọ gbígbé ni: onílé lè gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tàbí kí ó gbé e lé àpótí ìjókòó kékeré. Níbi wọ̀nyí, ojú ẹni tí ń wò ó ga ju ojú ẹ̀rọ lọ. Nítorí náà ni ẹ̀rọ ṣe gbójú sókè láti pàdé òǹwòran. Wọ́n máa ń fi í wé ajá kékeré tí ó ń wo ojú olówó rẹ̀.

Ó yẹ kí lámèyítọ́ fara balẹ̀ wo àfiwé yìí. Ní 1970, ọdún kan lẹ́yìn tí ènìyàn kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ tẹ òṣùpá, ilé-iṣẹ́ JVC ti Jàpáànì ṣe Videosphere, tí ó rí roboto bí àṣíborí àwọn tí ó lọ sí òṣùpá. Videosphere jọ àṣíborí, Algol jọ ajá. Ṣùgbọ́n jíjọ méjèèjì kò dọ́gba. Videosphere gba àwọ̀ ohun mìíràn wọ̀. Algol kò ní ìrù, kò ní etí; ìṣe ajá ni ó ń ṣe. Bí ẹnikẹ́ni bá mú ojú Algol tọ́ gbọnrangandan, ìwòran ni ó bàjẹ́. Bí wọ́n bá gba ìrísí àṣíborí lọ́wọ́ Videosphere, àwòrán rẹ̀ yóò ṣì máa jáde bákan náà. Òótọ́ ni pé ìdí tí ó jókòó lé ń jẹ́ kí ó yí síbi tí ènìyàn wà, ṣùgbọ́n ìdí náà ni ó ń ṣe iṣẹ́ yẹn, kì í ṣe àṣíborí. Ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni í bá ni mu.

5. Black

Ọwọ́ àwọn méjì kan náà ni àtakò tí ó le jù lọ sí èrò yìí ti wá. Ní 1969, Zanuso àti Sapper ṣe Black 201 fún Brionvega: àpótí dúdú dídán tí igun rẹ̀ dọ́gba. Bí wọ́n bá pa á, kò sí ojú, kò sí àmì pé ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ni. Bí wọ́n bá tàn án, àwòrán yóò yọ jáde láti inú òkùnkùn. Bí ìwà bá jẹ́ ẹwà, irú ìwà wo ni ti ohun tí ó fi ojú ara rẹ̀ pamọ́? Ṣé kì í ṣe kọ́bọ́ọ̀dù onílẹ̀kùn ni ó tún padà wá?

Ìyàtọ̀ wà. Kọ́bọ́ọ̀dù ń pe ara rẹ̀ ní ohun tí kì í ṣe. Black dákẹ́ ni, ìdákẹ́ kì í sì í ṣe irọ́. Ìṣòro kan ni ó dojú kọ, ìyẹn ni ohun tí ó yẹ kí ẹ̀rọ jẹ́ ní gbogbo wákàtí tí ẹnikẹ́ni kò wò ó. Ìṣòro yìí kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ Yorùbá. Lẹ́yìn tí WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní 31 Oṣù Kẹ̀wàá 1959, tí ẹ̀rọ náà sì ń wọ pálọ̀ àwọn ènìyàn, ọ̀pọ̀ onílé ni ó máa ń ta aṣọ tí wọ́n fi ọwọ́ hun lé e lórí. Àwọn náà mọ̀ pé ẹ̀rọ tí wọ́n pa ń fẹ́ ìtọ́jú. Síbẹ̀, ẹ̀yìn Algol ni Black gbọ́dọ̀ tò sí. Black ro ti yàrá. Algol ro ti ẹni tí ó jókòó nínú yàrá.

6. Ìgúnlẹ̀

Ìdájọ́ yìí ṣe pàtàkì nítorí ipò tí àwọn ẹ̀rọ náà wà nísinsìnyí. Algol àti Black wà lára ohun tí Museum of Modern Art ní New York kó pamọ́. Ní Ítálì, ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ti irú àtijọ́, èyí tí wọ́n ṣe ẹ̀rọ wọ̀nyí fún, parí ní 2012. Láìsí ẹ̀rọ mìíràn tí yóò ṣe agbedeméjì, wọn kò lè mú ohùn tàbí àwòrán láti ojú òfuurufú mọ́. Nítorí náà, ní pípa ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rí wọn. Ní ipò yẹn, Predicta tí ó ń bàjẹ́, Videosphere tí ó wọ aṣọ àyálò àti Algol tí ó gbójú sókè di ẹgbẹ́, kò sì sí ohun tí yóò yà wọ́n sọ́tọ̀ ju ìyanu lọ. Iṣẹ́ lámèyítọ́ ni láti dá ìṣe padà sára wọn kí ó tó dájọ́. Ẹ̀rọ olójú pẹlẹbẹ ti lé ìgò àwòrán lọ, ọrùn gígùn sì bá a lọ. Pátákó dúdú ni ó pọ̀ jù nínú wọn, wọ́n sì sún mọ́ Black ju Algol lọ. Ìnira ọrùn náà wà lára ohun tí ó kọ́ Algol bí yóò ṣe gbójú sókè wo ènìyàn.