Ohùn Tí Kò Sí Lórí Fíìmù: Sinimá Ọ̀fẹ́ ní Gbangba Ìlú Kumasi

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé òwe yìí wá sí ìdí sinimá ọ̀fẹ́ tí ìjọba ń fi han ará ìlú ní Kumasi àti káàkiri ilẹ̀ tí à ń pè ní Gold Coast nígbà náà, a ó rí i pé àfojúbà nìkan kò tó. Ọdún 1940 ni ọkọ̀ sinimá bẹ̀rẹ̀ sí í rin ilẹ̀ náà. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, wọn a ta aṣọ funfun sí gbangba, wọn a tan iná ẹ̀rọ, àwòrán a sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ẹnì kan a dúró ti ẹ̀rọ gbohùngbohùn, a máa fi èdè àwọn ònwòran sọ ohun tó ń lọ. Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ògbufọ̀ yìí ni òpómúléró ìran náà. Ẹni tó bá fẹ́ sọ sinimá ọ̀fẹ́ dọ̀tun lónìí láìwá irú rẹ̀, igbá òfìfo ni ó gbé.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló dá Colonial Film Unit sílẹ̀ ní ọdún 1939. William Sellers, ẹni tó ti kọ́kọ́ fi fíìmù ìmọ́tótó han àwọn ènìyàn ní Nàìjíríà, ni aṣáájú rẹ̀. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni pé ojú ọmọ Áfíríkà kò tíì mọ àwòrán kà. Nítorí náà, ó ní kí àwòrán máa rọra lọ, kí a má ṣe já a láti ibì kan sí ibòmíràn ní kíákíá. Àwọn lámèyítọ́ ti kọ èrò yìí tipẹ́, wọ́n sì jàre. Ohun tí a fẹ́ fi kún un ni pé ojú ni Sellers dá lẹ́bi, etí ni ọ̀rọ̀ wà. Bí ojú bá ni ìṣòro, kí ni ògbufọ̀ ń wá nídìí ọkọ̀? Àwọn tó rán an jáde mọ̀ nínú ara wọn pé èdè ni ògiri tó wà láàárín fíìmù àti ònwòran.

Kò ṣòro fún ará Kumasi láti mọ irú ipò tí ògbufọ̀ yìí wà. Ní ààfin Asantehene, ọ̀rọ̀ ọba kì í dé etí ìlú ní ìhòòhò. Ɔkyeame ni ó ń gbà á, tí ó ń fi òwe àti ọgbọ́n ẹnu wọ̀ ọ́ láṣọ, kí ó tó fi jíṣẹ́. Ògbufọ̀ ìdí ọkọ̀ ni ɔkyeame sinimá. Ó lè pa ọ̀rọ̀ kan jẹ, ó lè fa òmíràn gùn, ó lè fi ẹ̀dá-ìtàn ṣe yẹ̀yẹ́. Òyìnbó tí kò gbọ́ Twi kò lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ jẹ́ kí a fi The Boy Kumasenu ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí Sean Graham darí fún Gold Coast Film Unit ní ọdún 1952. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan kúrò ní abúlé apẹja, ó forí lé Accra, ojú rẹ̀ sì rí nǹkan. Àwòrán rẹ̀ dára púpọ̀. Àléébù rẹ̀ ni asọ̀tàn tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé ohun tí ọmọ náà ń rò, tí ọmọ náà fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ní ẹnu. Nínú gbọ̀ngàn, asọ̀tàn yìí ló ni àṣẹ. Ṣùgbọ́n bí a bá fi irú fíìmù bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba pẹ̀lú ògbufọ̀, àṣẹ náà bọ́ lọ́wọ́ asọ̀tàn. Ẹni tó ń sọ Twi lè gbè sẹ́yìn ọmọ náà, ó sì lè bá a wí bí ìyá.

A kò sọ pé gbogbo fíìmù ló nílò ògbufọ̀. Èdè Akan ni wọ́n fi ṣe I Told You So ti Egbert Adjesu ní ọdún 1970. Èdè Yorùbá ni Hubert Ògúndé fi ṣe Aiyé ní ọdún 1979, ẹni tó sì gbọ́ Yorùbá kò wá ẹni tí yóò túmọ̀ ọfọ̀ inú rẹ̀ fún un. A kò sì sọ pé èdè kan ṣoṣo ló tó. Kumasi kì í ṣe ìlú elédè kan. Kí òfin ìjọba Busia tó lé ọ̀pọ̀ àjèjì jáde ní ìparí ọdún 1969, àwọn oníṣòwò Yorùbá pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tí kò kàwé nínú wọn lè fi Twi ọjà gbọ́ ìtàn. Gẹ̀ẹ́sì ni yóò ti í sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Àwọn kan yóò ní sísọ̀rọ̀ lórí fíìmù ń ba iṣẹ́ ọnà jẹ́. Kí wọ́n wo ilẹ̀ Japan, níbi tí àwọn benshi ti ń sọ ìtàn lórí fíìmù tí kò lóhùn. Ọ̀pọ̀ ònwòran ló jẹ́ pé nítorí benshi ni wọ́n ṣe ń lọ. Kí wọ́n wo Kampala pẹ̀lú, níbi tí àwọn tí wọ́n ń pè ní VJ ti ń fi èdè Luganda ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Orúkọ àwọn benshi ńlá wà nínú ìwé. Àwọn ògbufọ̀ tiwa ńkọ́? Fíìmù wà nínú àpótí ní London, ṣùgbọ́n ohùn wọn kò sí lórí rẹ̀, nítorí ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́, ó sì ń bá òru lọ.

Ní ọdún 2015 ni wọ́n ṣí Rattray Park ní Kumasi. Ẹni tí wọ́n fi sọ orí ọgbà náà, R. S. Rattray, ni ó gbé àkójọ òwe Asante jáde ní ọdún 1916. Bí a bá ta aṣọ funfun síbẹ̀ fún fíìmù àtijọ́, kí a má ṣe rò pé a ti ṣí ilẹ̀kùn nítorí pé a kò gba owó. Kí a wá ẹni tó mọ òwe síwájú ẹ̀rọ, kí a sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Kí olùkọ́ èdè fún akẹ́kọ̀ọ́ ní fíìmù kan, kí ó ní kí wọ́n fi Twi tàbí Yorùbá sọ ọ́. Yóò mọ ẹni tó gbọ́ èdè yàtọ̀ sí ẹni tó kàn ń kà á. Ìròyìn kò tó àfojúbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ní ìdí sinimá ọ̀fẹ́, ìròyìn ni ó jẹ́ kí ojú mọ ohun tó rí.