Àṣìṣe Kan, Ẹ̀sùn Púpọ̀

Ní 1986 ni ilé-iṣẹ́ National Instruments ní Amẹ́ríkà gbé LabVIEW jáde. Àwòrán ni wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà nínú rẹ̀: àpótí ni iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, okùn ni ó so wọ́n pọ̀. Ẹwà rẹ̀ kò ṣeé jiyàn. Níbi ìròyìn àṣìṣe ni àbùkù wà. Àpótí a máa gbé àpótí mìíràn sínú. Bí okùn kan bá já nínú èyí tí ó jinlẹ̀ jù, ọfà ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yóò ṣẹ́ lára gbogbo àwọn tí ó gbé e, orúkọ aláìṣẹ̀ yóò sì kún ìwé ẹ̀sùn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe láti òkè ń fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá ni. Àpótí tí ẹ̀sùn rẹ̀ kò ti ọ̀dọ̀ àpótí mìíràn wá ni kí ó kọ́kọ́ ṣí.