Ẹni Tó Ń Tún Iná Ṣe Lórí Kọ̀ǹpútà

Tí wọ́n bá tan bùlẹ́ńdà nínú ilé tó ń lo sóláà ní Ọ̀tan-Ilé, tí gílóòbù kò sì ṣẹ́jú, olùdarí kékeré inú ìnfátà ló ṣiṣẹ́ náà. Ó ń wọn fọ́ltéèjì, ó ń fi wé iye tí a fẹ́, ó sì ń ṣàtúnṣe.

Ẹni tó kọ́ olùdarí yìí ní ìwọ̀n ni mo kan sáárá sí. Orí kọ̀ǹpútà ló ti ń ya àyíká iná, fún àpẹẹrẹ èyí tó ń sọ fọ́ltì 24 di 12. Ó fi agbára àtúnṣe díẹ̀ sí olùdarí rẹ̀: fọ́ltéèjì ń wọ́ bí ìgbín. Ó fi kún un: ó fò kọjá 12, ó ń mì sókè sódò. Ó dín in kù, ó wá fi apá tó ń ṣírò àṣìṣe àtẹ̀yìnwá jọ kún un, títí ìyàtọ̀ tó ṣẹ́ kù fi pòórá. Lẹ́yìn náà ló mọ̀ọ́mọ̀ di ẹrù wúwo lé e lójijì, bíi ti bùlẹ́ńdà yẹn, láti wò ó bóyá fọ́ltéèjì yóò dúró. Ibí yìí ni mo fẹ́ràn jù.

Ziegler àti Nichols gbé ìlànà ìṣirò kalẹ̀ fún yíyan irú ìwọ̀n àtúnṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1942. Ó dára fún ìbẹ̀rẹ̀, àmọ́ ó sábà máa ń jẹ́ kí fọ́ltéèjì mì ju bó ṣe yẹ. Ojú àti sùúrù ló ń parí rẹ̀, láìjó transistor kankan.