Àmì gẹ́gẹ́ bí Àrokò: Àgbéyẹ̀wò Ìtàn Iṣẹ́ Ìyanu inú Ìhìn Rere Jòhánù àti Ìgbàgbọ́ Ojoojúmọ́

Ìfáárà

Láti 1884 tí odindi Bíbélì ti jáde ní èdè Yorùbá, lẹ́yìn iṣẹ́ takuntakun tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe, ni ìtàn inú rẹ̀ ti di ohun tí à ń sọ nínú ilé, nínú kíláàsì àti lórí àga ìwàásù. Ìtàn iṣẹ́ ìyanu wà lára èyí tí ó gbajúmọ̀ jù lọ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé ń gbà kà á mú ìṣòro lọ́wọ́. Wọ́n ń kà á bí ìwé àdéhùn: ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀dá ìtàn gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ sí òǹkàwé, bí kò bá sì ṣẹlẹ̀, a jẹ́ pé ìgbàgbọ́ òǹkàwé ni kò tó.

Olùkọ́ tí ń kọ́ni ní Ìmọ̀ Ẹ̀sìn Kírísítì kò lè sá fún ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú lẹ́yìn ọ̀pọ̀ àwẹ̀ àti àdúrà, tí ó wá gbọ́ ìtàn Lásárù ní kíláàsì, yóò fẹ́ mọ ìdí tí a kò fi jí ìyá tirẹ̀ dìde. Èrò iṣẹ́ yìí ni pé a lè rí ìdáhùn tí kò ní dá ọmọ náà lẹ́bi nínú bí a ṣe hun ìtàn náà gan-an.

Àmì àti Àrokò

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni Bíbélì Yorùbá ń lò fún irú ìṣẹ̀lẹ̀ yìí, wọ́n sì pàdé nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 2:22. Iṣẹ́ agbára ń tọ́ka sí okun ẹni tí ó ṣe é. Iṣẹ́ ìyanu ń tọ́ka sí ẹnu tí ó ya ẹni tí ó rí i. Àmì ní tirẹ̀ ń tọ́ka sí ohun mìíràn tí ó wà lẹ́yìn èyí tí a fojú rí. Èyí tí Jòhánù yàn láàyò nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni àmì, tí èdè Gíríìkì ń pè ní sēmeion.

Ohun tí ọ̀rọ̀ yìí túmọ̀ sí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Kí ìwé kíkọ tó dé ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n ti ń pa àrokò ránṣẹ́ sí ara wọn. Bí a bá di owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ènìyàn, ìró ẹ̀fà ni yóò tú: ọkàn ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ fà sí i. Bí ẹni tí a fi í ránṣẹ́ sí bá sáré kó owó ẹyọ náà lọ ra àkàrà, kò jalè, nítorí òun ni a fún. Àmọ́ kò gbọ́ iṣẹ́ tí a rán sí i. Ó jẹ owó, ó sì pàdánù ọ̀rọ̀. Bí òwe bí òwe là ń lu ìlù àgídìgbo; ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n.

Àwọn tí ó Jẹ àti Àwọn tí ó Mọ̀

Ọgbọ́n ìsọ̀tàn Jòhánù dá lórí ìyàtọ̀ yìí. Ní ibi ìgbéyàwó Kánà ní orí kejì, alága àsè tọ́ wáìnì náà wò, ó sì yìn ín, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí ó ti wá. Àwọn ìránṣẹ́ tí ó pọn omi kún ìkòkò òkúta mẹ́fà ni ó mọ̀. Ẹni tí ó jókòó sí ipò ọlá jẹ ìgbádùn àmì náà. Àwọn tí ó ṣe làálàá ni ó mọ orísun rẹ̀.

Orí kẹfà mú kókó yìí le sí i. Ìṣù búrẹ́dì báálì márùn-ún àti ẹja méjì bọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, agbọ̀n méjìlá sì kún fún àjẹkù. Nígbà tí ó di ọjọ́ kejì, àwọn ènìyàn náà wá Jésù kàn ní òdìkejì òkun. Ó sọ fún wọn pé kì í ṣe nítorí àmì ni wọ́n ṣe wá òun bí kò ṣe nítorí oúnjẹ tí wọ́n jẹ yó. Kí orí náà tó parí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ-ẹ̀yìn ti padà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ni ẹni tí ó fi owó ẹyọ ra àkàrà. Jòhánù kò bẹnu àtẹ́ lu ebi tí ń pa wọ́n. Jésù ni ó kọ́kọ́ ronú nípa oúnjẹ wọn. Ohun tí ó lòdì sí ni kí á jẹun tán, kí á má béèrè ohun tí oúnjẹ náà ń wí.

Ǹjẹ́ Ìgbàgbọ́ ni Owó Ìwòsàn?

Àwọn kan lè takò pé nínú 11:40, Jésù so rírí ògo Ọlọ́run mọ́ ìgbàgbọ́ Màtá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n a kò lè fi ẹsẹ kan ṣoṣo gbé odindi ìwé. Ọkùnrin tí ó ti ṣàìsàn fún ọdún 38 ní orí karùn-ún kò mọ orúkọ ẹni tí ó wò ó sàn. Lásárù tí ó ti wà nínú ibojì fún ọjọ́ mẹ́rin kò ní ìgbàgbọ́ kankan tí ó lè mú wá. Nínú orí kẹsàn-án, nígbà tí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn béèrè ẹni tí ó ṣẹ̀ tí a fi bí ọkùnrin kan ní afọ́jú, Jésù kọ̀ láti di ẹ̀bi náà ru òun tàbí àwọn òbí rẹ̀.

Àhunpọ̀ orí kẹsàn-án yìí yẹ ní àkíyèsí. Ẹsẹ 41 ni ó ní, ojú ọkùnrin náà sì ti là ní ẹsẹ keje. Gbogbo ìyókù jẹ́ ìtàn ojú inú tí ń là díẹ̀díẹ̀. Ó kọ́kọ́ pe Jésù ní ọkùnrin kan, lẹ́yìn náà ó pè é ní wòlíì, nígbẹ̀yìn ó wólẹ̀ fún un. Nínú ìtàn yìí, ìwòsàn ni ó ṣáájú. Ìgbàgbọ́ ni ó tẹ̀ lé e, ó sì ná an ní àyè rẹ̀ láàrin àwùjọ, nítorí wọ́n lé e jáde.

Ìtàn Lásárù ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀ fún ọmọ tí a mẹ́nu bà ní ìfáárà. Jésù sunkún kí ó tó pe òkú náà jáde. Màríà ráhùn pé ó pẹ́ kí ó tó dé, kò sì bá a wí. Ní orí kejìlá, àwọn olórí àlùfáà ti ń gbìmọ̀ láti pa Lásárù. Àjíǹde rẹ̀ kò mú un kúrò nínú ayé tí ikú wà. Bí a bá kà á bí àdéhùn, ìtàn náà já ọmọ yìí kulẹ̀. Bí a bá kà á bí àrokò, iṣẹ́ tí ó ń jẹ́ ni pé Ẹni tí ó ni ìyè kò fojú kékeré wo ẹkún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀.

Ìtàn Iṣẹ́ Ìyanu ní Ilẹ̀ Yorùbá

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilẹ̀ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Ní 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn infulúẹ́ńsà ń pa ènìyàn káàkiri, ẹgbẹ́ aládùúrà kan dìde ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ní 1930, ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Oyè, Iléṣà, èrò sì wọ́ lọ síbẹ̀ fún ìwòsàn. Àwọn kan nínú wọn pinnu pé àwọn kò ní lo oògùn kankan mọ́. Kò yẹ kí á fi ojú yẹpẹrẹ wo ìpinnu àwọn tí àjàkálẹ̀ àrùn ti fojú wọn rí màbo. Síbẹ̀, Bíbélì fúnra rẹ̀ kò dá oògùn lẹ́bi. Èso ọ̀pọ̀tọ́ ni Àìsáyà ní kí wọ́n fi lé oówo Hesekáyà, Pọ́ọ̀lù sì gba Tímótì níyànjú pé kí ó lo wáìnì díẹ̀ nítorí inú rẹ̀. Ó fi Tírófímù sílẹ̀ nínú àìsàn ní Mílétù, kò sì sọ pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kù díẹ̀ káàtó. Ẹni tí ó ń gbàdúrà tí ó sì ń lo oògùn rẹ̀ kò tàpá sí Ìwé Mímọ́.

Ìkádìí

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé Jòhánù kò kọ ìtàn iṣẹ́ ìyanu kí òǹkàwé lè fi wọn ìgbàgbọ́ aládùúgbò rẹ̀. Ní ìparí orí ogún, ó sọ pé òun yan díẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ àmì kí àwọn tí ó ń kà lè gbàgbọ́. Jésù sì ti kọ́kọ́ súre fún àwọn tí kò rí, tí wọ́n sì gbàgbọ́. Àwọn wọ̀nyí ni òǹkàwé òde òní. Ìgbàgbọ́ ojoojúmọ́ tiwọn jọ ti àwọn ìránṣẹ́ Kánà: wọ́n ń pọn omi, wọ́n ń tọ́jú aláìsàn, wọ́n ń bá ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ sunkún. Olùkọ́ tí ó bá mú ìtàn wọ̀nyí wọ kíláàsì gbọ́dọ̀ kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti tú àrokò kí ó tó ná owó ẹyọ. Bí ọmọ náà bá sì béèrè nípa ìyá rẹ̀, kí olùkọ́ má ṣe wá ẹlẹ́bi. Kí ó kọ́kọ́ ka ibi tí Jésù ti sunkún fún un.